Ìdúpẹ́ Tí A Lọ Ṣe Nílé Tàntí

Mo rántí ìgbà tí gbogbo aṣọ mi ń ta sánsán búrẹ́dì. Bí mo bá wọ ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì mí á máa wo inú báàgì mi láti igun ojú, á rò pé mo gbé oúnjẹ pamọ́ tí n kò fẹ́ fi lọ òun. Ọmọge ni mí nígbà náà, n kò tíì lọ́kọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan ní Ẹ̀jìgbò, láwọn ọdún tí wọn kò tíì gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, tí fúláwà ń gbówó lórí bí ẹni tí wọ́n ń lé láti ẹ̀yìn.

Obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì náà ti pẹ́ ní Àbíjàǹ kó tó padà wálé. Tàntí ni gbogbo wa ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ti dàgbà lọ́hùn-ún. Búrẹ́dì gígùn gbọọrọ bí ọmọ odó ló ń ṣe, irú èyí tí àwọn tó ti Àbíjàǹ dé kò lè fi ọjọ́ kan ṣaláìjẹ, tí àwa tí a kò dé ibì kan náà sì wá ń jẹ bí ẹni pé wọ́n fi wò wá dàgbà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, Yorùbá Ẹ̀jìgbò tó dán ni yóò máa sọ. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí i, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde, a ó sì ti mọ̀ pé ó yẹ kí kálukú wá iṣẹ́ dì mú.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n to búrẹ́dì sínú apẹ̀rẹ̀, kí n sì pín in fún àwọn obìnrin tó ń kiri. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lójú ara mi, èmi ni òpó tí gbogbo ilé náà fẹ̀yìn tì. Ó dá mi lójú pé bí àìsàn bá dá mi dúró lọ́jọ́ kan péré, ebi yóò pa Ẹ̀jìgbò títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ẹni tí ilé náà fẹ̀yìn tì ní tòótọ́ ni bàbá àgbà kan tó ń dáná sí ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì. Bàbá Ààrò là ń pè é. Òun ló dáná búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí Tàntí ṣe, inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé náà ló sì ń sùn. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí mo bá ń yan fanda láàárín apẹ̀rẹ̀, á ní, "Ọ̀gá wa, ẹ rọra o, kí ilẹ̀ má gbóná jù fún yín." Èmi á dá a lóhùn pé kò séwu, mi ò sì mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, Tàntí wá dúró lẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń to búrẹ́dì. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọwọ́ ẹ mọ́, ọmọ yìí. Mò ń wò ẹ́ o. Màá ṣe nǹkan sí i." Ó bá tirẹ̀ lọ. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo ń wá ohun tó lè jẹ́ "nǹkan" náà.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ owó oṣù. Tàntí kì í kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní gbangba, àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń kó o sí, á wá pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló kàn gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà. Àpòòwé méjì ló kù lórí tábìlì. Ẹnìkan ń pè é láti ìta pé ọlọ́kọ̀ igi ti dé, ó ń dá a lóhùn, ó mú ọ̀kan nínú àpòòwé náà fún mi, ó ju èkejì sínú dúrọ́ọ̀, ó ní, "Gbà, má fi ná ìná àpà o," ó sì bọ́ síta. Mo lọ sẹ́yìn òkìtì igi, mo yọjú wo inú àpòòwé mi. Mo pa á dé. Mo tún ṣí i. Owó tó wà níbẹ̀ tó owó oṣù mi lọ́nà mẹ́rin.

Bí àgbàlagbà kan bá ń gbé inú mi nígbà náà, ì bá ti sọ fún mi pé kò sí ẹni tí í fi irú owó bẹ́ẹ̀ kún owó oṣù ọmọ iṣẹ́ láìpè é jókòó, láìgbà á níyànjú, láìṣe àlàyé tí yóò gùn ju owó náà lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn òkìtì igi, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé Tàntí ti ṣe nǹkan náà. Àní ó ti pẹ́ jù kó tó ṣe é. Mo tilẹ̀ bá a wá ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀: kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ kí wọ́n má baà jowú. Ọlọ́gbọ́n obìnrin! Mo fi ọgbọ́n tèmi náà kún un, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kìkì pé mo ń kọrin, mo sì ń kí ẹni tí n kò kí láàárọ̀.

Ọjà ni mo gbà lọ. Mo ra bàtà gogoro aláwọ̀ pupa tó fún mi lẹ́sẹ̀, mo ní yóò là. Mo ra gèlè olómi wúrà fún ìyá mi. Mo ra fìlà funfun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ra mílíìkì alágolo àti ṣúgà. Ìyá mi ń gbé ní Isundunrin, níbi tó ti ń ṣe gàrí, ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń há wa sí bí iṣu ni mo sì máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mo pe ọlọ́kadà, mo ní kó gbé èmi nìkan. Mo wọ bàtà pupa mi, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ sókè kí eruku má bà á, gbogbo ẹni tó wà lóko lójú ọ̀nà ni mo ń juwọ́ sí. Àwọn kan juwọ́ padà. Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n rò pé mo jẹ́.

Ìyá mi ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Ó wo bàtà náà ná, lẹ́yìn náà ló tó wo ojú mi.

"Ta ló fún ẹ ní bàtà?" Ohùn rẹ̀ kò dára.

"Owó iṣẹ́ mi ni mo fi rà á, ìyá mi. Tàntí ti fi kún owó oṣù mi. Ó ní òun rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ!" Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ṣí àpòòwé fún un, ó yọjú wò ó, ó sì pariwo kan tó jẹ́ pé adìyẹ ló kọ́kọ́ sá, lẹ́yìn náà ni gbogbo agbo ilé jáde. Ó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó ní Alihamudulilahi, pé àdúà tí òun ń ṣe ní ìdájí ti gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́ọ̀ṣà, tí kì í wọ ohun mìíràn ju funfun lọ, ní kí ó rọra, pé iyán tí òun gún fún Òrìṣà Ògìyán lọ́dún tó kọjá, orúkọ mi ni òun fi gún un. Èmi náà, tí mo ti tẹ̀lé ọ̀rẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ń sọ ọ́ nínú pé ààwẹ̀ tí mo gbà, tí mo fi ẹ̀pà já lọ́sàn-án, ló ṣe é. A kò jà sí i. A gbà pé iṣẹ́ náà tóbi tó kí gbogbo wọn ti pín in ṣe.

Mo pín owó bí ẹni tó ń pín ẹ̀wà. Ìyàwó ilé tó bá ti sọ pé "ọmọ wa káre," mo ti nawọ́ sí i. Ìyá mi wé gèlè rẹ̀ lé orí aṣọ oko, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tọrọ iyọ̀ tí kò nílò. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé fìlà tuntun rẹ̀, ó wúkọ́. Òun ni olórí ilé wa. Ó ní ayọ̀ ti pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé a ó wá jókòó níbí, ká máa jẹ ṣúgà, kí obìnrin yẹn sọ pé ọmọ tí òun gbé ga kò ní ẹbí? Lọ́la, a ó lọ dúpẹ́."

Ṣé mo ní kí wọ́n má lọ? Rárá o. Inú mi dùn ju tiwọn lọ. Mo ti ń rí i lọ́kàn bí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò ti rí, pàápàá Bàbá Ààrò tó ń fi mí ṣe "ọ̀gá wa."

Ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n háyà píkọ́ọ̀pù kan tó ń kó ẹ̀gẹ́. Wọ́n to iṣu sí i, iṣu tó dára, irú èyí tí wọn kì í tà. Wọ́n di àkùkọ kan lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó síwájú pẹ̀lú awakọ̀, àwa obìnrin wà lẹ́yìn lórí iṣu. A kò tíì jáde ní Isundunrin tí ìyá mi fi dá orin tó fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá lóru:

Tàntí ṣe é fọ́mọ wa o,
Ẹlẹ́dàá yóò ṣe é fún un.

A kọ ọ́ títí ó fi di ohun tí ẹsẹ̀ wa ń jó fúnra rẹ̀. Nígbà tí a wọ Ẹ̀jìgbò, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ń bi wá pé ìyàwó wo là ń gbé lọ. Nígbà tí a yà sí àdúgbò ilé búrẹ́dì, mo rí i pé èrò pọ̀ níwájú ibẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti gbọ́ pé à ń bọ̀.

Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Ààrò ló jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ilé, àpótí rẹ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ fọ́n ká. Tàntí dúró lé e lórí, Faransé ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí iná ààrò. Ọkùnrin tó máa ń kó fúláwà wá fún un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lu orúnkún. Mo gbọ́ tí Tàntí padà sí Yorùbá: "Níbo lo kó o sí? Ìwọ nìkan lo ń sùn nílé yìí! Bí o kò bá sọ, ọlọ́pàá yóò bá ẹ sọ ọ́!" Ó ń pe ẹni tó tó bàbá bí i ní "ìwọ." Lójú gbogbo àdúgbò. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ mi sì tutù nínú bàtà pupa.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn mi kò gbọ́, orin wọn ti ga jù. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó la àárín èrò kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Tàntí, ó fi orí gèlè olómi wúrà kan ilẹ̀. Àwọn yòókù kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń gbé iṣu kalẹ̀, àkùkọ ń ké.

"Mọ́n Diẹ̀!" ni Tàntí fi Faransé pe Ọlọ́run. "Kí lèyí? Ẹ dìde, ẹ̀yin ìyá. Ta ló kú?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó kú o, ire ni. Ó tún agbádá funfun rẹ̀ ṣe léjìká, ó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá dìde ọ̀rọ̀ sísọ, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ó kí Tàntí, ó kí òkú ìyá rẹ̀, ó kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbíjàǹ. Ó ní igi tó bá so èso rere, kò yẹ kí ẹyẹ jẹ ẹ́ tán kó má kọrin. Tàntí ń wò ó, ó ń wo iṣu, ó tún ń wò mí, ìbínú àti ọ̀wọ̀ àlejò ń jà lójú rẹ̀. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

Ìyá mi dáhùn láti ilẹ̀. "Owó oṣù ọmọ mi tí ẹ fi kún ni, ìyá rere. Ọ̀nà mẹ́rin! Ọlọ́run yóò fi kún tiyín lọ́nà mẹ́rìndínlógún."

Tàntí fi ìka pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, sún mọ́ mi. Èló lo bá nínú àpòòwé ẹ?"

Mo sọ iye rẹ̀.

Ọkùnrin onífúláwà fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Owó mi nìyẹn! Iye tó kù tí ẹ jẹ mí gan-an nìyẹn!"

Nígbà náà ni ó wá yé gbogbo wa, ó sì yé èmi gbẹ̀yìn. Àpòòwé méjì ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ Sátidé: ọ̀kan jẹ́ owó oṣù mi, èkejì jẹ́ àṣẹ́kù owó fúláwà. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ igi ń pe Tàntí, ó gbé ti fúláwà fún mi, ó sì ti tèmi mọ́ dúrọ́ọ̀. Nígbà tí onífúláwà dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ṣí àpòòwé, ó rí owó táṣẹ́rẹ́ níbẹ̀, Tàntí sì ní olè ti wọlé, pé olè náà mú èyí tó pọ̀, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Ìtìjú bò mí dé etí. Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti là. Ẹnìkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá Ààrò ni, lórí ilẹ̀ níbi tó jókòó sí. Ó ń kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo sọ fún yín àbí n kò sọ? Mo ní olè wo ló ń ṣẹ́ owó kù fún onílé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará oko, ẹ tún orin yẹn kọ, kò dùn mọ́ mi nínú dáadáa lẹ́ẹ̀kan."

Onífúláwà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn aládùúgbò gbà á. Tàntí fẹ́ mú ojú le, ó di ẹnu mú, ṣùgbọ́n ó tún fojú kan àkùkọ tí ìyá mi gbé sókè sí i, ó sì ya lulẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àkùkọ kalẹ̀. Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa bó ti wà nígbà tí mo rà á, ó gbé e síwájú Tàntí. "Ẹ gbà á, ìyá. A kò tíì fọ̀ ọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí fìlà funfun, ó fi lé e. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ilé kan tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó mú owó tí mo fún un jáde, ó fi sílẹ̀. Òmíràn mú tirẹ̀ wá láti inú àyà. Gbogbo wọn ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi owó sórí gèlè náà bí ẹni tó ń dá owó ìsìnkú. Ó kan ìyàwó tó kéré jù, ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní, "tèmi ti di àkàrà." Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi náà kò lè mú ẹnu dúró. Mo bọ́ bàtà pupa, mo gbé e síbẹ̀. Tàntí wò ó, ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó fẹ̀ bí ọkọ́. "Gbé bàtà ẹ, jàre. Ta ni kó wọ̀ ọ́?"

Mo kó èyí tó kù lọ́wọ́ mi lé e, Tàntí fi owó oṣù mi tó wà ní dúrọ́ọ̀ kún un, owó náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Onífúláwà ní òun yóò gba iṣu díẹ̀ rọ́pò èyí tó kù. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má fọwọ́ kan iṣu yẹn. Iṣu ọpẹ́ ni. Ọpẹ́ tí a bá ti dú, a kì í gbà á padà." Tàntí bi í pé ọpẹ́ kí ni, nígbà tí òun kò ṣe oore kankan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín."

Bí a ti ń sọ èyí, a kò fiyè sí i pé Bàbá Ààrò ti di àpótí rẹ̀. Ó gbé e rù, ó ti dé ojú títì. Tàntí sáré tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìbínú ni." Ó ti padà sí "ẹ," ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Tàntí. Ẹ̀rín ni mo fi bo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pariwo, ilé mélòó lẹ rò pé ó gbọ́? Àwọn ọmọ tí mo ń fún ní búrẹ́dì gbígbóná ń wò mí. Orúkọ tí ẹ fi pè mí ti wọ gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yìí. Ta ni yóò bá mi lọ mú un jáde?"

Mo rò pé yóò lọ, mo sì mọ̀ pé bí ó bá lọ, èmi ni mo lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá mi wò mí, ó wo bàbá, ó sì gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lójijì. "A ó mú un jáde," ó ní. "A ṣáà wá kọrin ni." Ó gbé orin rẹ̀ náà, ohùn kan náà, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà:

Bàbá ò mówó ẹni o,
Àpòòwé ló ṣìnà.

Àwọn ìyàwó ilé gbè é. Tàntí dìde nínú eruku, ó gba àpótí lórí Bàbá Ààrò, ó gbé e ru ara rẹ̀, ó sì ṣíwájú wa. A ya ilé gbogbo tó wà ní òpópónà yẹn. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà kan, orin á dúró, Tàntí á ní, "Ẹ̀yin ará ilé, èmi ni mo ṣì í. Bàbá kò mú nǹkan kan," orin á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ilé kẹta, Bàbá Ààrò ń mi orí. Nígbà tí a ó fi dé igun òpópónà, òun ló ń lé orin, ó sì ń sọ fún Tàntí pé ó gbàgbé ilé aláṣọ yẹn, kó padà. Mo jó lọ́jọ́ náà láìwọ bàtà, ọwọ́ mi ló dì í mú, omijé kò sì tíì gbẹ lójú mi.

Iyán ni wọ́n fi iṣu ọpẹ́ gún níwájú ilé búrẹ́dì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àkùkọ ló bá a lọ, onífúláwà sì jẹ ju ẹnikẹ́ni lọ, bóyá èyí ló fi gba ìyókù owó rẹ̀. Ní òpin oṣù tó tẹ̀ lé e, Tàntí pè mí jókòó, ó gbà mí níyànjú, ó ṣe àlàyé tó gùn ju owó náà lọ, ó wá fi díẹ̀ kún owó oṣù mi ní tòótọ́. Ó ní wọ́n ti dúpẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún òun, kò sí bí òun ṣe fẹ́ ṣe é. Bàbá Ààrò náà gba tirẹ̀, tirẹ̀ ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Bí mo ti ń dìde, Tàntí di ọwọ́ mi mú. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má sọ fún àwọn ará Isundunrin títí n óò fi ra bẹ́ǹṣì kún bẹ́ǹṣì."

Ilé búrẹ́dì náà ti wó tipẹ́. Bàbá Ààrò ti sùn, Tàntí náà ti sùn. Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ibòmíràn lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n sì ti fi kún owó mi láìmọye ìgbà, láìsí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Báńkì ni wọ́n ń san án sí. Ìgbà tí mo gba ipò tó ga jù nínú gbogbo ayé mi, mo rí i lórí fóònù, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo wò yíká yàrá. Ìyá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn ọmọ mi ní, "Ẹ kú oríire, Mọ́mì," wọ́n sì padà sídìí ohun tí wọ́n ń wò. Wọn kò ṣẹ̀, bí nǹkan ti rí láyé ìsinsìnyí nìyẹn. Mo jáde síta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin fún ara mi, orin tí obìnrin kan tí kò mọ ìwé ṣẹ̀dá lóru nítorí pé ẹnìkan rí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.